Mi ò lè ka ojú ewé mẹ́ta mọ́ kí ọwọ́ mi má lọ sórí fóònù: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùkọ́ Lítíréṣọ̀ (Ògbómọ̀ṣọ́), ọjọ́ Ajé, 9:10 alẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn tí mi ò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ ní ilé-ìwé wa, nítorí ó dà bí ìgbà tí káfíńtà bá ń sọ pé òun ò lè di òòlù mú mọ́.

Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní lítíréṣọ̀ Yorùbá. Ìwé kíkà ni iṣẹ́ mi, òun náà ni fàájì mi. Nígbà kan, bí mo bá jókòó ti ìwé ìtàn lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, ilẹ̀ á ṣú mọ́ mi nídìí rẹ̀, wọn á pè mí wá jẹun, mi ò ní gbọ́. Láti bí ọdún mẹ́rin ni nǹkan ti yí padà. Màá ṣí ìwé, màá ka ìpínrọ̀ kan tàbí méjì, ojú mi á máa sáré lórí ọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n ọkàn mi ò ní sí níbẹ̀, kí n tó mọ̀, fóònù ti wà lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe pé ó dún o. Kò sí ẹni tó pè mí, kò sí ẹni tó kọ nǹkan sí mi. Ọwọ́ mi ló kàn lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ní Sátidé tó kọjá, mo fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tó gan-an. Mo gbé ìwé àròkọ àwọn ọmọ SS2 kalẹ̀, 46 ni wọ́n, mo sì fi bébà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé gbogbo ìgbà tí ọwọ́ mi bá ti kan fóònù, kí n fa ìlà kan. Kí n tó máàkì ìwé mẹ́wàá tán, mo ti fa ìlà 17. Ọmọkùnrin kan kọ̀wé nípa ọjọ́ tí wọ́n lọ kórè ẹ̀gúsí lóko ìyá rẹ̀ àgbà. Mo rí i pé ó kọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á dé ìparí tí mi ò mọ ẹni tó kú nínú rẹ̀. Ó dùn mí. Ọmọ náà fi gbogbo ọkàn rẹ̀ kọ ọ́, èmi tí wọ́n ń sanwó fún láti kà á, ìdajì ọkàn ni mo mú wá.

Mi ò lè ju fóònù nù. Orí WhatsApp ni ọ̀gá ilé-ìwé wa ń fi gbogbo iṣẹ́ sí, àní ní aago mẹ́wàá alẹ́. Gúrúùpù 11 ni mo wà, ti ilé-ìwé, ti ìjọ, ti ẹbí, ti àwọn òbí ọmọ. Bí mo bá sì dé orí ibùsùn, ìdí rẹ̀ náà ni mo ń wà títí di nǹkan bí aago kan òru.

Ẹni ọdún 51 ni mí. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé ọjọ́ orí ni, àbí fóònù yìí ló sọ mí dà báyìí? Ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣe rí tó sì bọ́ níbẹ̀, kí ló ṣe?

Ọmọ Ìlá, ọjọ́ Ajé, 9:41 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, Olùkọ́. Ó ṣe èmi náà nígbà tí mo ń múra ìdánwò. Ohun tí mo ṣe kò ju méjì lọ: mo pa ohùn gbogbo gúrúùpù, mo sì yọ Facebook àti TikTok kúrò lórí fóònù pátápátá. Bí mo bá fẹ́ wo Facebook, àfi kí n tan kọ̀ǹpútà. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le, mo kàn ń ṣí fóònù tí mo ń wá ohun tí màá tẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fúyẹ́.

Nọ́ọ̀sì Ìbàdàn, ọjọ́ Ajé, 10:26 alẹ́

Olùkọ́, ẹ kú ìnira. Ẹ jẹ́ kí n mú ohun kan tí ẹ fi sí ìparí ọ̀rọ̀ yín bí ẹni pé kò tó nǹkan: ẹ ní nǹkan bí aago kan òru lẹ ń sùn. Aago mélòó lẹ wá ń jí? Olùkọ́ ni yín, mo mọ̀ pé kò lè ju aago márùn-ún ààbọ̀ lọ. Oorun wákàtí mẹ́rin àti díẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́rin tó láti sọ ẹnikẹ́ni di ẹni tí ń ka nǹkan lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yé e. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ṣe pẹ́ jù nínú ayé mi, mo sì mọ ohun tí àìsùn ń fi orí ṣe: èèyàn á ka ìwọ̀n oògùn, á tún un kà, nọ́ńbà ọ̀hún kò ní dúró sí i lọ́kàn.

Ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù náà ní ipa tirẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ọpọlọ máa ń tú ohun kan tí wọ́n ń pè ní melatonin sínú ẹ̀jẹ̀, òun ló ń sọ fún ara pé àsìkò oorun ń tó. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ ní Boston gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi èèyàn 12 ṣe. Wọ́n ní kí wọ́n máa ka ìwé lójú ẹ̀rọ tó ń tan ìmọ́lẹ̀ fún wákàtí mélòó kan kí wọ́n tó sùn, fún alẹ́ márùn-ún, kí wọ́n sì ka ìwé bébà fún alẹ́ márùn-ún mìíràn. Nígbà tí wọ́n lo ẹ̀rọ, melatonin wọn fi nǹkan bí wákàtí kan ààbọ̀ pẹ́ jáde, oorun sì fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́ kó tó gbé wọn lọ. Èèyàn 12 kò pọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà kò pọ̀, nítorí náà mi ò ní sọ pé ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń fa gbogbo rẹ̀. Ní tèmi, ohun tí a ń kà lójú rẹ̀ ló ń dáni lóró jù: ìròyìn ajínigbé, ìjà ẹbí, ọ̀rọ̀ ọ̀gá. Gbogbo rẹ̀ lèèyàn ń gbé sùn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí fóònù máa sùn ní pálọ̀. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, ẹ sì yẹ ojú wò, nítorí ní ọjọ́ orí yín, ojú tó ń fẹ́ awò lè mú kí ìwé máa sú èèyàn láìmọ ìdí. Bó bá wá jẹ́ pé kì í ṣe ìwé nìkan, bí oúnjẹ àti ọ̀rẹ́ àti ohun tí ẹ fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ kò bá dùn mọ́ yín mọ́, ẹ má dì í ru fóònù, ẹ lọ rí dókítà tó mọ̀ nípa ọkàn. Àwọn èèyàn wa ń bẹ̀rù orúkọ Àrò, ilé ìwòsàn àrùn ọkàn tó wà l'Abẹ́òkúta, bí ẹni pé ẹni tó bá ti wọ ibẹ̀ ti ya wèrè. Bẹ́ẹ̀, láti ayé Dókítà Adéoyè Lambo, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1954, ni wọ́n ti fi hàn pé aláìsàn ọkàn lè máa gbé láàárín abúlé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, kó máa gba ìtọ́jú, kó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Oníṣirò (Èkó), ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:05 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún gbogbo yín, ohùn tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tú nọ́ńbà wò, mo sì ti rí i pé ariwo tí a ń pa lórí fóònù pọ̀ ju ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ lọ. Ní ọdún 2019, Amy Orben àti Andrew Przybylski ní Yunifásítì Oxford kó ìdáhùn àwọn ọ̀dọ́ tó lé ní 350,000 jọ láti mọ bóyá lílo ẹ̀rọ ìgbàlódé ń ba àlàáfíà ọkàn wọn jẹ́. Nínú gbogbo ohun tó mú kí ọkàn ọ̀dọ́ kan balẹ̀ ju ti èkejì lọ, ìpín ti ẹ̀rọ kò ju 0.4 nínú 100 lọ. Nínú ìṣirò kan náà, jíjẹ ọ̀dùnkún déédéé fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba, wíwọ awò ojú sì burú jù ú lọ. Kò sì sí ẹni tó máa ní kí a gba awò lójú ọmọ.

Olùkọ́ ní láti bí ọdún mẹ́rin ni. Kí ló tún ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún wọ̀nyí? Wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ fò sókè, gaàrí tẹ̀ lé e, owó oṣù olùkọ́ kò bá wọn rìn. Ẹni tó ń ṣírò owó ilé lọ́kàn kò lè kàwé, bí fóònù wà nítòsí, bí kò sí. Ó lè jẹ́ pé orí fóònù ni ọkàn tó ti rẹ̀ ń sá sí, kó má jẹ́ fóònù ló mú un rẹ̀. Mo mọ àwọn tó ta tiwọn, tí wọ́n ra kékeré tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, tí ọkàn wọn kò sì balẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì Ìbàdàn, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán

Ẹ ṣeun, Oníṣirò, ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn ni ìdáhùn yín bá mu. Àwọn ọ̀dọ́ ni ìwádìí yẹn wò, àlàáfíà ọkàn ló sì ń wọ̀n. Ẹni ọdún 51 ni Olùkọ́, ohun tó sì bi wá ni ìdí tí ọkàn òun kò fi dúró sórí ìwé. Ìpíndọ́gba kò sì sọ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan: bí a bá pín iyọ̀ ọbẹ̀ gbogbo àdúgbò dọ́gba, ẹni tí iyọ̀ ń gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sókè ṣì wà láàárín wọn. Ti owó tí ẹ sọ, mo gbà á. Lójoojúmọ́ ni mò ń rí i lójú àwọn tó ń wá bá wa.

Awakọ̀ Peckham (Lọ́ńdọ̀nù), ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:48 alẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọdún 2006 ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ mi gbé èrò ní ìlú yìí. Nígbà náà, ìwé àwòrán ojú ọ̀nà ló máa ń wà lórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi, mo sì mọ Peckham, Camberwell àti Old Kent Road bí ẹni mọ àgbàlá bàbá rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ tó ń júwe ọ̀nà dé, fóònù sì gba ipò rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, fóònù kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní Lewisham, èrò wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ọ̀nà tí mo ti gbà láìmọye ìgbà ni, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá ọ̀tún ni kí n yà tàbí òsì. Obìnrin tí mo gbé ló júwe ọ̀nà fún mi délé rẹ̀. Mo jókòó sínú ọkọ̀ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tó sọ̀ kalẹ̀.

Olùkọ́ béèrè bóyá ọjọ́ orí ni. Ní ìlú yìí, àwọn tó ń wa takisí dúdú gbọ́dọ̀ kọ́ òpópónà bí 25,000 tó wà láàárín máìlì mẹ́fà sí Charing Cross sórí, ó sì ń gba ọ̀pọ̀ wọn ní ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Ní ọdún 2000, Eleanor Maguire ní University College London yẹ ọpọlọ wọn wò, ó rí i pé ẹ̀yìn ibì kan nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní hippocampus, tó wà fún ìrántí àti fún mímọ ọ̀nà, tóbi nínú tiwọn ju ti ẹlòmíràn lọ. Àwọn kan ní bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí wọn. Ní 2011, òun àti Katherine Woollett tún gbé èsì mìíràn jáde: wọ́n tẹ̀ lé àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ọpọlọ àwọn tó yege ló yí padà, ti àwọn tí kò yege wà bó ṣe wà. Àgbàlagbà ni wọ́n, kì í ṣe ọmọdé. Nítorí náà, ẹ má tíì fi ọjọ́ orí ṣe àwáwí.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé, kí n tó ṣí ọkọ̀, màá wo gbogbo ọ̀nà lójú fóònù, màá sọ ọ́ jáde lẹ́nu, ibi tí màá yà àti ilé tó wà ní ìkòríta, lẹ́yìn náà màá dojú fóònù dé. Bí mo bá ṣìnà ni mo tó máa ń ṣí i. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ nira.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifá (Òṣogbo), Ọjọ́rú, 6:20 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o. Ọ̀rọ̀ Bàbá awakọ̀ wọ̀ mí lára, nítorí iṣẹ́ tèmi, orí la fi ń ṣe é. Ojú odù 16, gbogbo odù 256, ẹsẹ̀ tó wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kò lóǹkà. Àwọn tó ṣáájú mi lọ́dọ̀ ọ̀gá wa kọ́ ọ ní ìdájí, ọ̀gá á sọ, wọn á gbà á lẹ́nu rẹ̀, títí tí yóò fi jókòó. Èmi tí mo dé lẹ́yìn, fóònù ni mo gbé síwájú ọ̀gá. Mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, mo sì ń kọ orúkọ odù sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkàn mi balẹ̀ pé mo ti ní in.

Lọ́jọ́ kan tí àlejò wá láti Ìlobùú, ọ̀gá ní kí n kì lára Ìwòrì Méjì. Mo la ẹnu. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni ọjọ́ tí mo gbà á sílẹ̀, pé òjò ń rọ̀, pé ohùn ọ̀gá ń fà díẹ̀, pé òun ló wà lókè èyí tí wọ́n sọ nípa Òdí Méjì. Mo rántí gbogbo ohun tó yí i ká, mi ò rántí òun fúnra rẹ̀. Àbúrò mi lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí kò ní fóònù, ló gbà á lẹ́nu mi tó kì í dé òpin.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí i kà pé Betsy Sparrow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti wádìí rẹ̀ ní 2011: bí èèyàn bá ti mọ̀ pé kọ̀ǹpútà yóò bá òun tọ́jú ọ̀rọ̀ kan, kì í rántí ọ̀rọ̀ náà tó ẹni tó rò pé wọ́n máa pa á rẹ́, ibi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí ló ń rántí jù. Ohun tó ṣe èmi gan-an nìyẹn.

Mi ò pa ohùn ọ̀gá rẹ́ o. Ọ̀gá ti dàgbà, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ohùn yẹn yóò ṣe wá láǹfààní. Ṣùgbọ́n mo yí ètò padà: màá kọ́kọ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀ láìsí fóònù, màá kọjú sí ògiri kì í lálẹ́, ibi tí mo bá ti há ni màá fi àmì sí, ìgbà yẹn ni màá tó gbọ́ èyí tí mo gbà sílẹ̀, ibi tí mo há sí yẹn nìkan. Olùkọ́, ẹ gbìyànjú kí ẹ máa ka ìwé sókè. Bí ẹnu bá ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ kì í tètè sá.

Ìyá Aláṣọ (Ìtòkú, Abẹ́òkúta), Ọjọ́rú, 4:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń sọ ọ́.

Ẹ má bú fóònù tán lójú mi. Ọdún 2019 ni bàbá àwọn ọmọ fi mí sílẹ̀. Mo jókòó sínú ilé fún oṣù mẹ́fà, mi ò lè dé ìsọ̀, ojú ọ̀nà gan-an ń bà mí lẹ́rù. Ọmọ mi tó wà ní Kánádà ló fi fóònù tó ń fi ojú èèyàn hàn ránṣẹ́. Gbogbo alẹ́ ni mò ń rí ojú àwọn ọmọ rẹ̀, mo ń kọ́ wọn ní oríkì, wọ́n ń pè é ṣì, mò ń tún un ṣe. Fóònù yìí ló fà mí jáde, òun náà ni mo fi ń ta àdìrẹ fún ẹni tí mi ò rí rí. Bí ẹ bá ní kí n pa ohùn rẹ̀, báwo ni màá ṣe gbọ́ pé owó oníbàárà wọlé? Ohùn ti báńkì nìkan ni mo fi sílẹ̀, ọmọ mi ló bá mi pa ìyókù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa òru. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí àrùn Ebola ti wọ Èkó, ìpè bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lóru, ọ̀rọ̀ ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀, pé kí gbogbo ayé fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo jí àwọn ọmọ. Mo po iyọ̀ sínú omi gbígbóná, mo wẹ̀ ẹ́ fún wọn, mo fi agbára bu ún sí wọn lẹ́nu, èyí àbíkẹ́yìn ń bì, mo tún ń bu òmíràn. Ilẹ̀ mọ́, ìjọba ní irọ́ ni, a sì gbọ́ pé àwọn kan kú nípa iyọ̀ yẹn ní Nàìjíríà. Mo lọ́gbọ́n lórí, ẹ gbà mí gbọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀sán ni ẹnì kan wá sọ irú rẹ̀ fún mi ní ìsọ̀, màá bi í pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Òru ni, ẹ̀rù ni, ọ̀dọ̀ ẹni tí mo fẹ́ràn ló sì ti wá. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn ìkírun alẹ́, ó di àárọ̀ kí n tó fi ojú kàn án.

Ọmọ Ìlá, Ọjọ́bọ̀, 8:30 àárọ̀

Ẹ ṣeun, Mà. Mo tún fẹ́ fi èyí kún un fún Olùkọ́: ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Texas tó wà ní Austin rí i pé bí fóònù bá kàn wà lórí tábìlì, kódà bí wọ́n bá pa á, ó ń dín agbára ìrònú kù, àwọn tó fi tiwọn sí yàrá mìíràn ló ṣe dáadáa jù. Nítorí náà, kì í ṣe kí ẹ dojú rẹ̀ dé o, kí ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ ni.

Oníṣirò (Èkó), Ọjọ́bọ̀, 9:12 àárọ̀

Ọmọ Ìlá, ẹ má fi ìyẹn búra. Àwọn mìíràn ti tún ìwádìí náà ṣe, àwọn kan nínú wọn kò sì rí ohun tí àwọn ti Texas rí. Gbígbé fóònù sí yàrá mìíràn kò ná ẹnikẹ́ni lówó, mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹ̀rí rẹ̀ kò dúró bí ẹ ṣe gbé e kalẹ̀.

Mo tún ọ̀rọ̀ Olùkọ́ kà lánàá, mo sì gbà pé mo yára. Gloria Mark ní Yunifásítì California tó wà ní Irvine ti ń fi ọdún gbọọrọ wo bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń lo kọ̀ǹpútà. Ní 2004, nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ ni wọ́n ń lò lórí ohun kan kí wọ́n tó kọjú sí òmíràn. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ó ti wá sí nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 47. Ohun tó wá bá tiyín mu jù, Olùkọ́, ni pé kì í ṣe ẹlòmíràn ló ń dá wọn lọ́wọ́ kọ́ ní gbogbo ìgbà. Bí nǹkan bí ìdajì ìgbà, àwọn fúnra wọn ló ń dá ara wọn lọ́wọ́ kọ́. Ẹ ní fóònù kò dún, ọwọ́ yín ló lọ. Bí ẹ bá pa ohùn rẹ̀ nìkan, mo bẹ̀rù pé ọwọ́ yín kò ní yé lọ.

Olùkọ́ Lítíréṣọ̀, ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, 5:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ará wa, mo padà dé. Mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ ṣeun púpọ̀.

Nọ́ọ̀sì, ẹ̀jẹ̀ mi ga. Mi ò mọ̀ rárá. Dókítà ti fún mi ní oògùn, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan náà tí ẹ bi mí nípa oorun. Ojú mi náà ń fẹ́ awò, èyí tí mò ń lò tẹ́lẹ̀ ti rẹlẹ̀. Fóònù ti kúrò ní yàrá. Ohun tó kọ́kọ́ dí mi lọ́wọ́ ni pé òun ló ń jí mi láàárọ̀, àfi ìgbà tí mo lọ ra agogo kékeré tó ń dún, tó ń lo bátìrì kan. Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, mo jí lóru, mo sì rí i pé ọwọ́ mi ń wá a lábẹ́ ìrọ̀rí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo sùn wákàtí mẹ́fà.

Mo pa ohùn gúrúùpù bí Ọmọ Ìlá ṣe wí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni Oníṣirò sọ, kò ran èyí tó ń ṣe mí lọ́wọ́. Kódà mo ń ṣí i jù, nítorí mò ń bẹ̀rù pé ọ̀gá ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ tí mi ò gbọ́. Èyí tó ràn mí lọ́wọ́ ni kíkà sókè. Mo gbé fóònù fún ìyàwó mi ní kíṣìnnì, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì ń ka àròkọ àwọn ọmọ sókè bí ẹni pé mo dúró níwájú kíláàsì. Nínú ìwé mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni mo dìde lọ sí kíṣìnnì. Ìtàn gígùn kò tíì ṣeé ṣe, ojú ewé mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ni mo ń kà kó tó sú mi. Mo gbà á bẹ́ẹ̀ ná.

Èyí tó kù tí mi ò rí ọ̀nà rẹ̀ ni ọ̀gá wa àti aago mẹ́wàá alẹ́.

Alákòóso Ilé-ìwé (Ìlọrin), ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:15 alẹ́

Olùkọ́, èmi ni irú ọ̀gá yẹn. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ àkọ́kọ́, mi ò sì lè sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ìkà ló ń mú mi fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lálẹ́. Ìgbà tí ilé bá parọ́rọ́ ni mo ń rántí, mo sì ń bẹ̀rù pé màá gbàgbé tó bá di àárọ̀. Mi ò rò ó rí pé ẹnikẹ́ni ń kà á lórí ibùsùn, mo rò pé wọn á rí i nígbà tí wọ́n bá jí.

Igbákejì mi ló sọ fún mi nígbà tó yá, ní ọ́fíìsì, àwa méjì péré, kò sọ ọ́ nínú ìpàdé. Ó ní, "Mà, bí ọ̀rọ̀ yín bá wọlé lálẹ́, ọ̀pọ̀ wa kì í sùn mọ́." Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo gbọ́. Ìwé kékeré kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi báyìí, ibẹ̀ ni mo ń kọ ohun tí mo bá rántí lálẹ́ sí, aago méje àárọ̀ ni mo ń fi í ránṣẹ́. A sì jọ fẹnu kò pé bí ohun pàjáwìrì bá wà, pípè ni màá pe èèyàn. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo ti pe ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ bá ọ̀gá yín lọ́kùnrin tàbí lóbìnrin, ẹ lọ ní ẹ̀yin nìkan, ẹ má kó èèyàn lẹ́yìn, ẹ má sì sọ ọ́ lórí gúrúùpù.

Olùkọ́ Lítíréṣọ̀, ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:31 alẹ́

Mà, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Màá lọ bá wọn lọ́jọ́ Ajé, kí ìpàdé àárọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifá (Òṣogbo), ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:03 alẹ́

Olùkọ́, ẹ kú oríire ti ẹ̀jẹ̀ tí ẹ tètè mọ̀. Ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ àkọ́kọ́: ọmọ tó kọ̀wé nípa oko ẹ̀gúsí, ta ló kú?

Olùkọ́ Lítíréṣọ̀, ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:20 alẹ́

Ajá ìyá àgbà ni. Ejò bù ú ṣán lábẹ́ ìtàkùn ẹ̀gúsí, níbi tí ìyá náà ì bá fi ọwọ́ kàn tẹ̀ lé e. Wọ́n dá ìkórè dúró, ìyá àgbà fi ọkọ́ gbẹ́ ilẹ̀ fún un fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí àwọn ọmọ bá òun gbẹ́ ẹ. Mo pe ọmọ náà lọ́jọ́ Ẹtì, mo ní kó jókòó, mo sì kà á sókè sí i létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí.